Afárá Tí A Fi Ilẹ̀kùn Kàn

Mo fi eyín tó kù sí mi lẹ́nu búra. Ẹyọ kan ni, ọwọ́ òsì lókè, òun nìkan ni mo fi ń fa ẹran ya, nítorí náà ẹ mọ̀ pé ìbúra mi kì í ṣe ìbúra eré. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín náà já bọ́ sínú ọbẹ̀, kí n sì gbé e mì láìmọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa sọ pé bí mo bá rí aláǹgbá lóko, kí n tó délé yóò ti di ọ̀nì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ káfíńtà yìí ṣojú mi, pákó tèmi náà sì wà níbẹ̀.

Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n ni a ń pè é. Kò sí ẹni tó rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́, àfi bóyá ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti lọ sí ibi tí a kì í tí í ránṣẹ́ bi ni léèrè. Ohunkóhun tí ẹ bá bi í, èsì kan náà ni: "Ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n." Ẹ ní kó ṣe àga, á ní kí ẹ jẹ́ òun wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fi ojú wọn abọ́, á fi ojú wọn ẹran, kó tó jókòó. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, tépù ló mú dání lọ sílé àwọn àna rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ wo bóyá ẹnu ọ̀nà ilé òun yóò gba àpótí aṣọ ìyàwó. Ìyá ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fún un lọ́mọ náà o. Ẹni tó wọn ẹnu ọ̀nà kó tó gbéyàwó wọlé, kò ní ẹ̀mí àtilé e jáde."

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà odò, páánù lókè, ògiri lẹ́yìn, ibi tó kù ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ó máa ń ki pẹ́ńsùlù kúkurú kan sẹ́yìn etí, ó ti ń kì í síbẹ̀ tipẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí náà fi tẹ̀ síwájú bí ọwọ́ ife. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Abẹ́ páánù kan náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé gbogbo aṣọ tuntun àdúgbò wa ló máa ń rùn bíi pákó, gbogbo àga tuntun ló sì máa ń ní òwú lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti wá iṣẹ́ lọ síbi tó jìn. Àwọn méjèèjì ló kù sílé, "Bàbá wọn" níbí, "Ìyá wọn" lọ́hùn-ún.

Odò kan ló la àdúgbò wa sí méjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, adìyẹ lè rìn ín kọjá kí ìyẹ́ rẹ̀ má tutù. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, á dìde bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀ lójú ọjà, kò sì ní í jókòó mọ́ títí òjò yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Òdìkejì odò yìí ni ìyá aránṣọ ń gbé, òun ni a ń pè ní Ìyá Òdìkejì. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, ojú ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu mú bí abẹ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ilé tí ọkọ mi kọ́, ṣé kí n fi sílẹ̀ fún eku ni? Ṣé eku ló gbé omi fún àwọn tó kọ́ ọ?" Ọmọ rẹ̀ ló ń sọdá lọ se oúnjẹ fún un, lọ wẹ̀ ẹ́, lọ fọ aṣọ rẹ̀.

Nígbà òjò ọdún tó ṣáájú ìtàn yìí, Ìyá Òdìkejì ṣubú nínú yàrá rẹ̀ nígbà tí odò kún dẹ́nu. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ gbé e dìde. Wọ́n wá sétí odò, wọ́n ń kígbe sí ọmọ rẹ̀ tó dúró lápá ibí. Ohùn dé, ọ̀rọ̀ ò dé. Gbogbo ọjọ́ tí omi fi kún, obìnrin náà kò mọ̀ bóyá ìyá òun ń jẹun tàbí kò jẹun. Mo rí i létí odò tó ń na ọrùn bí ẹni fẹ́ fi etí bu omi. Nígbà tí omi fà, obìnrin náà lọ wo ìyá rẹ̀. Nígbà tó bọ̀, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, n kò rí ohun burúkú kan lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìyá kan ni mo ní. Tí òjò bá tún ń bọ̀ tí kò sí afárá, màá gbé ẹ̀rọ mi sọdá kí omi tó kún, n kò sì ní í padà wá mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ìyá mi bá ń mí."

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n gbọ́ ọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kí òun wọn nǹkan kan.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò ti sí afárá láti ọjọ́ yìí. A ti dá owó afárá rí. Agbaṣẹ́ṣe kan wá pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó gbẹ́ ihò sétí odò, ó ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ sí pé IṢẸ́ AFÁRÁ Ń LỌ LỌ́WỌ́. Agbaṣẹ́ṣe lọ. Pátákó kò lọ. Alága tó gba owó lọ́wọ́ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn etí: tí ẹ bá ti dárúkọ afárá, kì í gbọ́ mọ́. Tí ẹ bá dárúkọ oúnjẹ, etí á là. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe ìpàdé, a ó lọ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbogbo wa á wà nínú àpò, kì í ṣe nítorí òtútù.

Báyìí ni a ṣe di àpò mú lọ sí ìpàdé Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n.

"Ẹ má mú owó wá," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó bá mú owó wá, màá fi igi lé e. Pákó ni mo fẹ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú pákó kan wá, kí ó fi ọ̀dà ṣàmì sí i. Nígbàkígbà tí ẹ bá ń kọjá, ẹ ó máa fi ojú ara yín rí ohun yín."

Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọkà, dìde. Ọkùnrin náà kò gba ẹ̀rí-ọkàn ara rẹ̀ gbọ́. "Bí wọ́n bá jí tèmi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó rí ihò rẹ̀ kí ẹ tó jìn sí i."

A rẹ́rìn-ín, ọwọ́ sì yọ kúrò nínú àpò díẹ̀díẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní pákó tuntun. Ohun tí kálukú ní nílé ló tú wá. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé tábìlì tó fi ń po ìyẹ̀fun wá, igi tó le bí òkúta, ó ya búrẹ́dì pupa sí i. Nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́rọ rí i pé tábìlì náà tóbi ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó lọ yọ ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kó má baà jẹ́ pé obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ òun ni yóò ṣíwájú òun. Èmi fa pákó kan yọ lábẹ́ ibùsùn wa, ní ẹ̀gbẹ́ tí ìyàwó mi máa ń sùn sí. Ó di ìgbà tó ṣe kó tó bá mi sọ̀rọ̀.

Àwọn géńdé gé ìtì igi ńlá méjì, wọ́n fi dábùú odò. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n wọn ohun gbogbo, ó gé pákó gbogbo wa dọ́gba, ó kàn wọ́n mọ́ ìtì igi. Ọwọ́ ilẹ̀kùn Bàbá Ẹlẹ́rọ ti dógùn-ún, kò ṣe é yọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lójú afárá tó na imú sókè. Àwọn tí wọ́n bá kọ́ nílé máa ń bẹ̀rẹ̀, wọn á kan ilẹ̀kùn náà, wọn á ní "Àgò o!" kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ rí i, ọmọlúàbí kì í wọlé onílé gbáà.

Afárá náà dùn wá. A máa ń sọdá nígbà tí a kò ní nǹkan kan láti ṣe lódìkejì. Kálukú á dé orí pákó rẹ̀, á dúró díẹ̀, á fi gìgísẹ̀ gbá a. "Tèmi nìyí o." Ìyá Oníbúrẹ́dì ń ta búrẹ́dì lápá méjèèjì. Aránṣọ ń lọ, ó ń bọ̀, kò di ẹrù mọ́.

Ìjà wá dé láti ibi tí ìjà máa ń gbà dé, láàárín ẹni tó múlé ti ara wọn. Páìpù èéfín ẹ̀rọ ìlọkà kọjú sí ibi tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ń tẹ́ búrẹ́dì sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé búrẹ́dì kan lọ́wọ́, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Ẹlẹ́rọ.

"Bàbá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ta ni yóò ra búrẹ́dì dúdú?"

"Àwọn tó ń rà á látẹ̀yìnwá ni. Ṣé kò ti ń jóná kí n tó ra ẹ̀rọ ni?"

"Èmi! Búrẹ́dì tèmi ló ń jóná?"

"Ẹ̀rọ tèmi sì ń mu sìgá, àbí kí ni mo gbọ́ tí ẹ sọ fún àwọn oníbàárà mi?"

"Ó dáa. Tábìlì mi tó wà lórí afárá yẹn, kí ẹsẹ̀ yín má kàn án mọ́ láyé."

"Kí ẹsẹ̀ tiyín náà jìnnà sí ilẹ̀kùn mi!"

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa lọ jókòó sétí odò, a kò ṣe bí ẹni tó wá wòran. Bàbá Ẹlẹ́rọ dé ibi tábìlì, ó ká agbádá, ó fò ó. Orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Ìyá Oníbúrẹ́dì náà dé ibi ilẹ̀kùn, ó gbé àtẹ búrẹ́dì lérí, ó fò ó, búrẹ́dì kan sì fò lọ sínú omi. A kò rẹ́rìn-ín. Mo gé ahọ́n jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ẹlẹ́rọ mú irin wá, ó tú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbé e rù. Kí ó tó délé, Ìyá Oníbúrẹ́dì ti wà lórí afárá pẹ̀lú irin tirẹ̀. Ìbátan gbe ìbátan lẹ́yìn, oníbàárà gbe oníbàárà. Láìpẹ́ láìjìnnà, afárá wa ti dà bí ẹnu mi yìí.

Àmì ọ̀dà yẹn ló fà á. Ohun tí káfíńtà fi mú kí a gbẹ́kẹ̀ lé e náà ni a fi tú iṣẹ́ rẹ̀ ká. Ẹni tó bá ń rí "tèmi" lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ni yóò bínú gbé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ wò ó: pákó tí wọ́n ti gé dọ́gba fún afárá, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe nílé? Bàbá Ẹlẹ́rọ gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ́, ó rí i pé ó ti kúrú. Ewúrẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n ń jẹ ọkà oníbàárà, wọ́n sì ń jáde láìdágbére. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ojú tábìlì tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́ lé òkúta, gbogbo ìgbà tó bá gbá ìyẹ̀fun mọ́ ọn, tábìlì á yí, ìyẹ̀fun á tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn ti ṣìṣe. Ojú ń tì wọ́n láti dá a padà. Ojú títì a sì máa pẹ́ lára àgbàlagbà ju ibà lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ìyá wọn, o ti ń lọ nìyẹn?"

"Bàbá wọn, ẹ wo ojú ọ̀run."

"Mo ti wò ó."

"Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?"

Kò rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ká ìbora kan tó fi àjákù aṣọ àwọn oníbàárà rán, àwọ̀ oríṣiríṣi bí ìyẹ́ àkùkọ. Ọkọ rẹ̀ di etí ìbora náà mú.

"Ṣé kì í ṣe aṣọ Ìyá Oníbúrẹ́dì nìyí?"

"Òun ni. Àjákù ṣòkòtò Bàbá Ẹlẹ́rọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn."

"Ṣé Ìyá Oníbúrẹ́dì mọ̀?"

"Ó rí i lọ́jọ́sí. Ó ní òun fẹ́ gba tòun padà. Mo ní kó mú abẹ́rẹ́ kó tú u, ṣùgbọ́n tí ti Bàbá Ẹlẹ́rọ bá bá a já, òun ni yóò lọ ṣàlàyé fún un. Ó wò ó títí, ó fi sílẹ̀."

Káfíńtà fi ìka tọ ojú ìránṣọ náà lọ, ó tún tọ̀ ọ́ bọ̀. "Má tíì ká ìbora yẹn, Ìyá wọn."

"Òjò ni kí ẹ bẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ó mú tépù, ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ewúrẹ́ kan ń jáde bí ó ti ń wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n."

"Kí lo fẹ́ wọ̀n? Ṣé wọ́n rán ọ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ẹnu ọ̀nà yín ni. Màá ṣe ilẹ̀kùn tuntun fún yín, kí ewúrẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí pe ibí nílé bàbá wọn. Ẹ kàn fún mi ní èyí tó kúrú yìí."

"Afárá ni o fẹ́ gbé e padà lọ."

"Afárá ni. N kò ní í purọ́ fún yín."

Bàbá Ẹlẹ́rọ wo ewúrẹ́, ó wo ilẹ̀kùn, ó wúkọ́. "Gbé e. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kí o gbé e o. Ìwọ lo wá bẹ̀ mí."

"Èmi ni mo wá bẹ̀ yín."

Lọ́dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì, kò wọn nǹkan kan. Tábìlì iṣẹ́ tirẹ̀ ló ru lórí dé ibẹ̀, tábìlì tó ti ń fi ayùn gé igi lórí rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, tó ti fi rándà fá ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé e kalẹ̀ fún un, ó ní kó fún òun ní èyí tí kò lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ wá ńkọ́? Orí kí ni wàá ti máa ṣiṣẹ́?"

"Ilẹ̀ tẹ́ láti ibí títí dé odò, Ìyá."

Obìnrin náà gbé èyí tí kò lẹ́sẹ̀ fún un. Ó ki búrẹ́dì kan sí i lápò. Kò tilẹ̀ jóná púpọ̀.

Nígbà tí àwọn tó kù gbọ́ pé àwọn olórí ìjà ti fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n gbé pákó wọn wá láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ wọ́n. Káfíńtà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣe ohun tí mo ń torí rẹ̀ sọ ìtàn yìí. Ó gé pákó kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ó mú ìdajì ti lágbájá, ó fi dè mọ́ ìdajì ti tẹ̀mẹ̀dù, ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gbá wọn mọ́ra lábẹ́, ó kan ìṣó tó gùn, ó sì fi rándà fá gbogbo àmì ọ̀dà dànù. Búrẹ́dì pupa lọ, gbogbo àmì lọ. Ìdajì ilẹ̀kùn tó ní ọwọ́ ló fi dè mọ́ ìdajì tábìlì Ìyá Oníbúrẹ́dì. Nígbà tó kàn wọ́n mọ́ ìtì igi tán, a rọ́ débẹ̀.

"Èwo ni tèmi?" Bàbá Ẹlẹ́rọ ń fi ọ̀pá gún pákó kiri.

"Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ó wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún."

"Mo rí ọwọ́ ilẹ̀kùn mi! Màá yọ ọ́!" Ó fa irin yọ lápò.

"Ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n tábìlì Ìyá Oníbúrẹ́dì yóò bá a dìde. Òun nìyẹn lẹ́yìn yín, ẹ bá a sọ ọ́."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ká apá mọ́ àyà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìyẹ̀fun bóyá yóò wú. "Ẹ yọ ọ́ ká rí i," ló wí. Ọkùnrin náà ki irin bọ àpò rẹ̀ padà.

Ilẹ̀kùn tuntun Bàbá Ẹlẹ́rọ náà dé. Pátákó agbaṣẹ́ṣe ni káfíńtà hú tó fi ṣe é. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ lọ ọkà yóò kà á lójú ilẹ̀kùn pé IṢẸ́ AFÁRÁ Ń LỌ LỌ́WỌ́.

Òjò náà dé nígbà tí ó wù ú. Ó rọ̀, ó tún rọ̀, odò dìde. Nínú òjò náà ni ariwo ìdérí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ lódìkejì, àwọn aládùúgbò ń gbá a pọ̀ láti pè wá, bí a ti jọ ṣàdéhùn: Ìyá Òdìkejì ti tún ṣubú. Aránṣọ gbé agbòjò, ó bọ́ sórí afárá. Omi ń pariwo lábẹ́ rẹ̀, ó ń ju igi lu ìtì. Ọkọ rẹ̀ dúró létí odò, ó ń fa tépù jáde, ó ń jẹ́ kó padà, kò sì wọn nǹkan kan. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe dúró nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé àárín, mo gbọ́ bó ṣe padà nígbà tó bọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Oníbúrẹ́dì sọdá, ó fi ọ̀rá bo búrẹ́dì tó ń gbé lọ fún ìyá arúgbó. Bàbá Ẹlẹ́rọ sì ń bọ̀ láti òdìkejì, níbi tó ti lọ gbé ọkà lílọ̀ fún oníbàárà. Wọ́n pàdé lójú ọwọ́ ilẹ̀kùn, ibi tí ẹni méjì kò ti lè kọjá láìjẹ́ pé ẹnì kan yà. Wọ́n dúró sínú òjò, wọ́n ń wo ara wọn.

"Ẹ kọjá," Bàbá Ẹlẹ́rọ wí, ó fara ti ẹ̀gbẹ́. "Tí búrẹ́dì bá tutù, ẹ ó tún sọ pé ẹ̀rọ mi ni."

"Ẹ di ọwọ́ ilẹ̀kùn yín mú, kí ẹ má baà ṣubú," obìnrin náà wí, ó sì kọjá.

Bí òjò ṣe dá lọ́jọ́ kejì, tí omi ṣì kún, a rí àwọn méjì tí wọ́n ń bọ̀ lórí afárá. Aránṣọ ló di ìyá rẹ̀ lápá mú. Obìnrin tó ní òun kò ní í fi ilé fún eku, òun ló ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ní kí eku ṣọ́ ilé di ìrọ̀lẹ́. Ó dé ibi ìdajì ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀pá tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè.

"Àna mi, ṣé ẹnu ọ̀nà yín yìí á gbà mí?"

A ń retí pé káfíńtà yóò ní kí ó jẹ́ òun wọ̀n ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ó gbà yín, Ìyá. Ẹ máa wọlé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, aránṣọ tú ẹrù rẹ̀, ó tẹ́ ìbora alájàákù sórí ibùsùn, ó sì ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ.

Ó ti tán. Ṣùgbọ́n eyín mi ń mì láti ìgbà tí mo ti kọ́wọ́ lé e, àwọn ará ilé mi sì ń se ẹran lónìí, nítorí náà ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́. Ọwọ́ ilẹ̀kùn wà lórí afárá lóòótọ́, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kàn án, kò sí ẹni tó ń ní "Àgò o" nígbà náà. Èmi ni mo fi kún un. Ohun tó wá rú mi lójú ni pé mo ti sọ ọ́ títí, àwọn ènìyàn ti gbà á gbọ́. Láìpẹ́ yìí ni mo jókòó sétí odò, tí mo rí àlejò kan tó dé ibẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀, tó kan ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, tó dúró.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní, "Wọlé."